"Abẹ́rẹ́ Eyín Kò Mú Mi": Ohun Tó Ń Fa Ìrora Lórí Àga Dókítà Eyín, àti Bí A Ṣe Lè Dín In Kù

Ọ̀rọ̀ eyín bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé wa lóṣù tó kọjá, kò sì tán bọ̀rọ̀. Àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Ìjerò, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìjerò, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òun ti ń fi apá ọ̀tún nìkan jẹun, pé òru ni ìrora náà máa ń le jù, ṣùgbọ́n òun kò ní dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín mọ́ láyé òun. Ìdí ni pé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín òun, abẹ́rẹ́ náà kò mú, wọ́n sì yọ eyín ọ̀hún bẹ́ẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí ti da ọ̀rọ̀ náà rú. Ẹnì kan ní bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá fọ eyín fún ènìyàn nílé ìwòsàn, gbogbo eyín á bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ọmùò ní ògógóró ni kí wọ́n fi sẹ́nu, pé kò sí ohun tí kì í pa. Mo ka gbogbo rẹ̀, inú mi bàjẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tí eyín ń dùn lóru kò ní ẹlòmíràn tó lè bá a gbé e.

Èmi kì í ṣe dókítà. Màmá mi ni mo máa ń sìn lọ síbi ìtọ́jú eyín ní Adó-Èkìtì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ti jókòó ti àga yẹn pẹ́ tó láti béèrè gbogbo ohun tó rú mi lójú lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó yé mi jù ni pé ìrọ̀rùn ẹni tó wà lórí àga jẹ́ ara ìtọ́jú. Wọn kò fi ṣe wá lóore. Bí a bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, a ó mọ ohun tí a lè béèrè.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe fún eyín gan-an?

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ dókítà eyín: yíyọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́rin ló wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni fífọ eyín. Kì í ṣe èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò ṣe nílé. Èérí tó bá ti pẹ́ lára eyín máa ń le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè ká a mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ̀n ni wọ́n fi ń ṣí i kúrò. Èkejì ni dídí ihò eyín: wọ́n á gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò, wọ́n á fi nǹkan dí ojú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fífọ inú gbòǹgbò eyín, nígbà tí ìjẹrà bá ti wọlé dé ibi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà. Wọ́n á kó ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ jáde, wọ́n á fọ ihò rẹ̀ mọ́, wọ́n á sì dí i pa, kí eyín náà lè dúró lẹ́nu. Yíyọ ni ìkẹrin.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó tètè dé, fífọ tàbí dídí ni yóò ṣe, ìrora ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tó dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wú ló ń bá ìkẹta àti ìkẹrin pàdé. Òun náà ló sì máa ń padà wá ròyìn fún àwọn ará ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tí àwọn náà á tún dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn á fi wú.

Kí ló ń dùn nínú eyín?

Ẹ mú èkùrọ́ kan lọ́wọ́. Èèpo rẹ̀ le, ọmọ inú rẹ̀ rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Èèpo funfun tó wà lóde rẹ̀ ni ohun tó le jù nínú gbogbo ara ènìyàn, kì í sì í mọ ohunkóhun lára. Ẹ lè gbẹ́ ẹ kó má dùn yín. Ìpele kejì wà lábẹ́ rẹ̀, òun kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní àwọn ojú ihò tíntìntín. Àwọn ihò wọ̀nyí ni omi tútù àti ohun dídùn ń gbà ta wá lẹ́nu. Ọmọ inú rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn, níbi tí iṣan ìmọ̀lára àti ẹ̀jẹ̀ wà. Bí ìjẹrà bá ti débẹ̀, ẹ ti mọ orin tó kù.

Àwọn àgbà ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Kòkòrò wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí à ń rí nínú àgbàdo. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà tó kù sára eyín wa ló ń jẹ, ó sì ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kòkòrò tí àwọn kan ń nà sí wa lójú lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn ní ọjà, tí wọ́n ní oògùn àwọn ló lé e jáde, kò ti inú eyín ẹnikẹ́ni wá.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ìdí tí eyín fi máa ń dùn jù lóru. Bí ọwọ́ bá wú, awọ rẹ̀ á fẹ̀ fún un. Eyín kò rí ààyè bẹ́ẹ̀. Èèpo líle ló yí i ká, bí inú rẹ̀ bá wú, ara rẹ̀ ni yóò máa fún pa. Bí a bá sì ti dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i á ṣàn wá sí orí, ìfúnpa náà á sì pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ní láti dúró di àárọ̀ kí ẹ tó rí dókítà, ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè.

Ògógóró kò lè dé ibẹ̀. Ẹran ìdí eyín ló máa bó. Oògùn ìrora tí a lọ̀ tí a sì fi há ìdí eyín náà máa ń jó ẹran ibẹ̀. Gbígbé ni kí a gbé e mì, bí a bá fẹ́ lò ó. Oògùn tí à ń rà ní kẹ́mísì láti fi pa kòkòrò àrùn lè mú kí ìrora náà rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ihò ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró dè wá.

Báwo ni abẹ́rẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Lidocaine ni orúkọ oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò. Kì í ṣe oògùn oorun. Ẹni tó gbà á á máa ríran, á máa gbọ́ràn, á sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ.

Ìrora kì í di ìrora títí ìròyìn rẹ̀ á fi dé ọpọlọ, iṣan sì ni ọ̀nà tí ìròyìn náà ń gbà. Ká sọ pé ẹnì kan ń gbé ìròyìn bọ̀ láti Ìdó wá sí Adó, wọ́n wá dí ọ̀nà pa ní Ìfàkì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n Adó kò ní gbọ́. Iṣẹ́ lidocaine nìyẹn. Ó ń ti àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín tó wà lára iṣan pa, ìròyìn kò sì rí ibi kọjá. Bí wákàtí méjì sí márùn-ún bá kọjá, ẹ̀jẹ̀ á ti gbé oògùn náà lọ, ọ̀nà á ṣí padà, ètè tó kú á sì jí.

Wọ́n sábà máa ń po adrenaline díẹ̀ mọ́ ọn. Òun ló ń fún ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí oògùn má baà tètè ṣàn lọ. Òun kan náà ló ń mú kí àyà àwọn kan máa lù kìkìkì lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Màmá mi bẹ̀rù gan-an lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọ́n rò pé ọkàn ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kí dókítà lè mọ ìwọ̀n tó máa lò.

Kò tíì pẹ́ tí ayé rí irú àánú yìí. Lọ́dún 1844 ni Horace Wells, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, fa afẹ́fẹ́ apanilẹ́rìn-ín símú, ó sì ní kí wọ́n yọ eyín òun fúnra rẹ̀ láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láìsí ìrora. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń lo afẹ́fẹ́ yẹn fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà jù, níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ọdún 1943 ni Nils Löfgren ṣe lidocaine ní orílẹ̀-èdè Sweden, ó sì dé ọjà lọ́dún 1948. Àwọn ìyá-ìyá wa ti dàgbà tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló dé tí ẹlòmíràn fi ní kò mú òun?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìdí kan ni pé ìrora yàtọ̀ sí títẹ̀. Ẹni tó ti dé Ìkógòsì rí mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ẹ lè ti ẹsẹ̀ bọ èyí, kí ẹ má tíì kan ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú iṣan. Ìròyìn ìrora ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, tín-ín-rín ni. Ìròyìn títẹ̀, títì àti fífà ní tirẹ̀, ó nípọn jù ú lọ. Lidocaine máa ń tètè dí èyí tó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn lè ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ènìyàn lè mọ̀ pé wọ́n ń ti eyín òun síwá sẹ́yìn, kó má sì dùn ún.

Yíyọ eyín ló sì ní títì jù. Ẹni tó bá ti tu ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé a kì í já a gbà lójijì. A ó mì í síbí, a ó mì í sọ́hùn-ún, títí ilẹ̀ tó dì í mú á fi là, ìgbà náà la ó tó fà á. Ohun tí dókítà ń ṣe nìyẹn, kí egungun tó di eyín mú lè fẹ̀ díẹ̀. Ó tún lè dún gán-ún létí, nítorí egungun àgbọ̀n kò jìnnà sí etí. Bí wọn kò bá sọ èyí fún ènìyàn tẹ́lẹ̀, ọkàn á máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́, ara á le gbagidi, gbogbo ohun tó bá kàn án á sì dà bí ìrora.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ títẹ̀, títì àti ariwo lẹ gbọ́, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun tó ta yín bí iná, tàbí tó gún yín ṣóńṣó, ìrora nìyẹn. Ẹ má fara dà á. Ẹ ní kí wọ́n dúró.

Ìdí kejì ni ọyún. Ibi tó ti ní ọyún máa ń kan díẹ̀, lidocaine kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ohun kíkan. Ó dà bí ẹni tó ń kun ọ̀dà sára ògiri tí omi ń ṣàn lára rẹ̀: ọ̀dà náà dára, kíkùn rẹ̀ dára, ògiri ni kò gbà á. Dókítà tó mọṣẹ́ á wá ọ̀nà mìíràn. Ó lè gún abẹ́rẹ́ náà sí ibi tó jìnnà sí ọyún, lójú ọ̀nà iṣan náà lókè. Ó lè kọ́kọ́ la ibi tó wú kí ọyún jáde. Ó sì lè fún yín ní oògùn, kó dá ọjọ́ mìíràn fún yín. Bí ó bá dá ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ, kódà bí ìrora bá ti lọ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ni kì í padà, ìgbà tó bá sì tún dìde, ó máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí wíwú náà bá ti sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn, tí ẹnu kò là dáadáa mọ́, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, tàbí tí mímí ṣòro, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àti-dá-ọjọ́ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó ní ẹ̀ka eyín.

Ìdí kẹta ni kíkánjú. Àwa ará Èkìtì mọ àpáta, ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé. Omi tí a dà sórí yanrìn á rì wọlé kíá. Èyí tí a dà sórí àpáta á dúró sókè. Egungun àgbọ̀n òkè dà bí yanrìn, oògùn tètè ń wọ inú rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ dà bí àpáta. Gígún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ eyín ìjẹun tó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀ nìkan kì í sábà tó. Dókítà ní láti wá ibi tí iṣan ti ń wọ inú egungun lọ, lọ́hùn-ún lẹ́yìn ẹnu, kó sì gún un síbẹ̀. Ibi yẹn kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn, nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lè ṣì í. Ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó mú.

Àmì tí mo kọ́ nìyí, ó sì ti ran màmá mi lọ́wọ́: bí eyín ìsàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe, ètè ìsàlẹ̀ apá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kú títí dé àárín àgbọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì kú, ẹ sọ fún wọn. Abẹ́rẹ́ kejì kì í ṣe àṣejù, ó ní ìwọ̀n tí dókítà ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí mo bi Màmá Ìjerò léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú, eyín ìsàlẹ̀ ni, wọn kò sì dúró rárá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó kó irin wọlé. Ìdí kejì àti ìkẹta pé sí ẹnu kan ṣoṣo. Wọn kò sọ àsọdùn. Ó dùn wọ́n lóòótọ́, kò sì yẹ kó dùn wọ́n.

Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ó lè dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń dín in kù. Wọ́n lè fi oògùn bí òróró kan pa ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gún, kí awọ ibẹ̀ kú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní in. Èkejì ni pé kí wọ́n tẹ oògùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dùn jù kì í ṣe ẹnu abẹ́rẹ́, ó tín-ín-rín gan-an. Oògùn tó ń ya ẹran nígbà tó bá ń yára wọlé ni. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tẹ̀. Ẹ di ojú, ẹ máa mí láti imú, kí ẹ sì máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ọkàn bá wà ní ẹsẹ̀, kò ní ráyè ṣọ́ ẹnu tó bẹ́ẹ̀.

Ojú á fọ́, eyín á mì: ṣé òótọ́ ni?

Yíyọ eyín òkè kì í fọ́ ojú. Iṣan tí ojú fi ń ríran yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú eyín. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ òkè mú kí ìpéǹpéjú wúwo fún wákàtí díẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọyún tí a fi sílẹ̀ sínú eyín òkè ló léwu fún ojú ju yíyọ rẹ̀ lọ.

Ní ti fífọ, ẹni tí èérí líle ti há àárín eyín rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ á ṣàkíyèsí pé àlàfo wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i kúrò. Àlàfo náà ti wà tẹ́lẹ̀. Èérí ló dí i, bí amọ̀ ṣe ń dí ihò ògiri. Bí eyín bá ń mì, èérí yẹn ló ti jẹ ẹran àti egungun ìdí rẹ̀, òun náà ló sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ á pàdánù eyín náà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n sọ?

Kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Màmá mi ti ń lọ tó oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè là á lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé àgbàlagbà kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun níwájú ọmọdé. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, dókítà náà, ọmọbìnrin tó kéré sí mi, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ní: "Ẹ má bínú, Mà. Kí ló bà yín lẹ́rù jù níbẹ̀?" Wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ ni. Ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ẹnu wọn, ó sì ṣàlàyé pé eré tí irin inú rẹ̀ ń sá ló ń dún, pé omi tó ń tú jáde níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí eyín gbóná. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ agbọ́hùn (earpiece) sétí, tí wọ́n ń gbọ́ orin ìyìn wọn.

Ẹ kọ́ gbólóhùn yìí: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní ìrírí tí kò dára tẹ́lẹ̀. Bí mo bá gbé ọwọ́ òsì sókè, ẹ dúró." Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó dùbúlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí iná ńlá ń tàn sí i lójú, kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé kò ní agbára kankan. Bí ó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, ìdajì ẹ̀rù ti lọ. Màmá mi ò tilẹ̀ gbé e sókè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láti ìgbà náà.

Ìtìjú náà wà. Àwọn kan ń sá nítorí pé ẹnu wọn ń rùn tàbí pé eyín wọn ti dúdú, wọ́n rò pé wọ́n á bá àwọn wí. Ẹnu bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà wọ̀nyí ń rí láràárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dìde.

Ẹni tó ń bẹ̀rù àrùn lè béèrè bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò lára irin. Ìdáhùn tó yẹ ni pé wọ́n ń sè é nínú ẹ̀rọ tí ooru kò ti lè jáde, bíi 121 tàbí 134 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tí a hó lórí sítóòfù kò débẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n tú irin náà sílẹ̀ láti inú àpò lójú yín, bóyá ìbọ̀wọ́ tuntun ni wọ́n wọ̀. Dókítà eyín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Ẹni tó ń yọ eyín lábẹ́ agboòrùn lọ́jà kò ní in.

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, àyàfi tí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹ torí pé wọ́n fẹ́ fún yín ní oògùn oorun. Ebi àti ẹ̀rù ló sábà máa ń jọ mú kí ènìyàn dákú lórí àga. Ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ SS, ẹni tó lóyún, ẹni tí oògùn kan kì í bá lára mu, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n sọ ọ́ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yẹn dúró fúnra yín. Kí ẹ sì béèrè iye owó kí ẹ tó gun àga, nítorí ẹni tó ń ṣírò owó nínú ọkàn kò lè fara balẹ̀.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Ẹ má fi dókítà eyín dẹ́rù ba ọmọ. "Bí o kò bá jẹun, màá ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ń wọ inú ọmọ lọ, á sì bá a dé ogójì ọdún. Ẹ má sì ṣe ìlérí pé kò ní dùn rárá. Bí ó bá dùn díẹ̀, ọmọ náà kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ọ̀nà tí àwọn dókítà ń lò fún ọmọdé rọrùn: wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní èdè ọmọdé, wọ́n á fi ohun èlò náà hàn án, bóyá kí wọ́n fi kàn án léèékánná, ìgbà náà ni wọ́n á tó ṣe é. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé, kí ẹ jẹ́ kó la ẹnu kí ẹ ka eyín rẹ̀. Ogún ni ti ọmọdé bí ó bá pé. Èyí tó sàn jù ni kí ọmọ kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nígbà tí kò sí eyín kankan tó ń dùn ún.

Bí a bá délé ńkọ́?

Ẹ má jẹ uyán gbígbóná kí ètè tó jí. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ará Èkìtì láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu tó kú kò mọ̀ pé òun ń jóná, kò sì mọ̀ bí ó bá gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ẹ ṣọ́ ọmọdé dáadáa, wọ́n máa ń jẹ ètè ara wọn títí á fi wú.

Bí wọ́n bá yọ eyín, ẹ fi eyín tẹ òwú tí wọ́n fún yín mọ́ ojú ihò náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìṣí i wò. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò náà ni báńdéèjì rẹ̀. Fún wákàtí 24, ẹ má fi omi yọ ẹnu kíkankíkan, ẹ má tutọ́ léraléra, ẹ má fa nǹkan mu, ẹ má mu ọtí tàbí sìgá. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lè máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀ díẹ̀ sẹ́nu jẹ́jẹ́. Ẹ lo oògùn ìrora tí wọ́n fún yín kí ètè tó jí tán, ẹ má dúró de ìrora kó dé kí ẹ tó lé e.

Ó yẹ kí ìrora máa dín kù lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló wá le sí i, tó ń ta dé etí, tí ẹnu sì ń rùn, ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn ló ti bọ́ kúrò. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi oògùn sí i, ìtura á sì dé láàárín wákàtí díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ padà bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn tí kò dá lẹ́yìn tí ẹ ti di òwú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, tàbí bí ara bá ń gbóná.